Àkọ́dì Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Dá Tú

Ìbùkún, Àjíkẹ́ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra. Àwọn tírélà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan Malu Road, awakọ̀ kan sì sùn sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn lórí ẹní, ó fi bàtà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí. Obìnrin kan tó ń ta omi gbígbóná fún àwọn awakọ̀ láti fi wẹ̀, tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún wọn. Ajá kan tí kò ní ìrù. Òórùn ṣúgà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun rírí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kà á mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, àwọn oyin. Níbi tí wọ́n ti ń kó àpò ṣúgà sínú ọkọ̀ ní ìhà Liverpool Road, èyí tó dà sílẹ̀ ti pò mọ́ iyanrìn, oyin sì bò ó títí tó fi dà bíi pé ilẹ̀ ń mí. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni àwọn alábàárù ń gbà kọjá.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń rò ọ́. Mo dúró pẹ́ débi pé alábàárù tó gbé àpò mi ní, “Àǹtí Ṣúgà, ṣé ẹ fẹ́ ra àwọn oyin náà mọ́ ọn ni?”

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ṣebí o mọ dádì rẹ. Bí orúkọ rẹ bá ti yọ lójú fóònù, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi nìyẹn, á ní kí o gbé e sí ojú fèrèsé kí òun rí òtútù. Kó tó dá a padà, dátà ti tán. Èmi náà, o mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n bírò kì í kán mi lójú. Bí mo bá ń kọ ọ́, màá máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Ìwé náà gan-an á dúró de ìgbà tí a bá rí ẹni tó ń bọ̀ ní Jámánì, pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò lè dúró, torí ọ̀tunla ni Sátidé.

Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí dádì rẹ wà ní ìpàdé àwọn bàbá ìjọ, o sọ ohun tó wà nínú rẹ fún mi. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́.

O ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ló ní ṣúgà lára, tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, tó yọ síta bí irun. Gíláíkàn ni o pè é. O ní fáírọ́ọ̀sì tí ò ń ṣiṣẹ́ lé lórí kò mọ ojú ilẹ̀kùn, pé orí ṣúgà yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà lé kó tó ráyè wọlé. O wá fi oògùn kan gé orí ṣúgà náà kúrò, o da fáírọ́ọ̀sì sí i, kò sì ríbi bà lé. O fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo àwọn ará láàbù yín, wọ́n fi ìka kan tábìlì fún ẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún dípò àtẹ́wọ́. Inú ọ̀gá rẹ dùn, ó ní òun máa lọ sọ ọ́ níwájú àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lo tún un ṣe, fáírọ́ọ̀sì wọlé. O tún un ṣe, ó tún wọlé. Ọ̀gá kò tíì mọ̀.

O ní ohun tó kù nínú sẹ́ẹ̀lì ìgbà àkọ́kọ́ kò ju ìgò kékeré kan lọ, nínú fírísà, àti pé tí yìnyín rẹ̀ bá ti yọ́, kò ṣeé dá padà mọ́. O fẹ́ lọ yọ ọ́ ní Sátidé, nígbà tí láàbù bá dá, kí o fi tún iṣẹ́ náà ṣe ní ìwọ nìkan, kí o mọ ibi tí o ti ṣì í kí ojú ọ̀gá tó tó o. O ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá bú jáde, wọ́n lè má fi ọdún kún iṣẹ́ pósídọ́ọ̀kì rẹ, iṣẹ́ ìwádìí tí o gbà lẹ́yìn oyè dókítà.

Mo ní, “Ó dáa.” O sì mọ̀ pé bí mo bá sọ “ó dáa” báyẹn, mi ò tíì rò ó tán ni. Mo ti rò ó tán báyìí. Kò dáa.

Ọ̀rọ̀ kìíní nìyí. Ṣé o rántí àkọ́dì? Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. Bí mo bá tú àpò ṣúgà tuntun, náílọ́ọ̀nù tí mo bá kọ́kọ́ dì nínú rẹ̀, mi ò kì í tà á. Màá so ó, màá fi kọ́ ìṣó òkè tábìlì títí àpò yẹn á fi tán. Bí oníbàárà bá ní ṣúgà òun di òkúta, a ó sọ àkọ́dì kalẹ̀, a ó tú u lójú rẹ̀, a ó jọ wò ó. Bí ti inú rẹ̀ náà bá ti dì, a jẹ́ pé láti inú àpò ni, màá pààrọ̀ fún un. Bí kò bá dì, á mọ̀ pé ilé òun ni omi ti kàn án. Ìjà kò ní sí.

Nísinsìnyí, rántí ọ̀rọ̀ Mẹ́ṣáì, Hausa tó ń ta tíì ní ìkóríta wa. Mi ò tíì pẹ́ nílé yín nígbà náà, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ó gbé ṣúgà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Àǹtí, ṣúgà yìí ti sùn,” ó ní. “Kì í jí nínú tíì. Oníbàárà mi ń fi ṣíbí lù ú bí ẹni ń lu olè.”

Mo ní kó padà wá lọ́sàn-án. Ẹ̀rù ló bà mí. Òun ló ń rajà lọ́wọ́ mi jù, àwọn awakọ̀ tírélà sì ń gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo sọ àkọ́dì kalẹ̀, mo gbé e wọ yàrá, mo tú u. Ṣúgà náà gbẹ, ó ń dán, ó ń ṣàn láàárín ìka mi. Inú mi dùn. Mo tún un so, mo fi kọ́ ìṣó padà, mo ń retí rẹ̀ bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Ó dé. Mo gbé àkọ́dì fún un. Kò tú u. Ọrùn náílọ́ọ̀nù ló ń wò.

“Ta ló ti tú èyí?”

“Kò sẹ́ni tó tú u.”

“Àǹtí, ibi tí wọ́n so lẹ́ẹ̀kan, ojú kan ló máa ń ní. Èyí ní ojú méjì. Ẹ ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.”

Ṣúgà gidi ni o. Inú àpò yẹn gan-an ló ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lókè ilẹ̀ tí mo tún lè fi hàn án. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó rẹ́rìn-ín ni, ó kí mi, ó lọ, ó sì ń ra ṣúgà lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí òjò ọdún yẹn fi dá. Ìwọ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu ọ̀nà, o ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a ń jẹun lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá la ẹnu, ìwọ ọmọdé yẹn, o ní, “Àǹtí, àkọ́dì kì í ṣe ohun tí à ń dá tú.” Dádì rẹ bi wá pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ oúnjẹ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo dá padà fún ẹ yìí, kì í ṣe tèmi. Ìgò tó wà nínú fírísà yẹn, àkọ́dì rẹ ni. Bí o bá dá a tú ní Sátidé, tó bá dára, ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́? Tí kò bá dára, kí lo máa gbé dé iwájú ọ̀gá rẹ? Ọ̀nà méjèèjì, ojú ibi tí o so ni wọ́n máa wò. Fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ lónìí, ó pẹ́ tán lọ́la. Má fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó rí báyìí, mo tún un ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, èyí tó kù nìyí, ẹ jẹ́ ká jọ tú u. Kó tó lọ sọ ọ́ níta. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, kò dìgbà tí òjò bá rọ̀.

Bí wọ́n bá wá tìtorí ẹ̀ ní kí o máa bọ̀ nílé, máa bọ̀. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Mi ò kó ṣúgà sínú rẹ̀, àyàfi àpò méjì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ni.

Mo fẹ́ ya fọ́tò èyí ránṣẹ́ ná. Dádì rẹ ń wẹ̀.

Mo ti fi í ránṣẹ́. Ó ku àwọn yòókù tí mi ò ní kánjú kọ.

Ọ̀rọ̀ kejì. O ní àwọn ará láàbù kì í kí ènìyàn, pé ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ, ó rò pé nǹkan rẹ ló já bọ́, ó bá ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wá a. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ẹ̀bùn, ará ilé wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀: ojú ń ro ẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó tì ẹ́ kì í dá sí ẹ, o sì ti se jọ̀lọ́ọ̀fù fún un lẹ́ẹ̀mejì, o fẹ́ kó di ọ̀rẹ́ tipátipá.

Má kán an lójú. Irú rẹ̀ ni èmi náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé dádì rẹ, lẹ́yìn tí màmá tó bí ẹ ti lọ, mo pè ẹ́ sẹ́yìn ilé, mo ní láti ìsinsìnyí lọ, Màámi ni kí o máa pè mí. Èmi náà ò tíì gbó, ta ni mo fẹ́ jẹ́ ìyá fún? O wò mí láti òkè délẹ̀. O ní, “Mo gbọ́, Àǹtí.” Oúnjẹ mi, o kò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìdí ìkòkò ìrẹsì ni mo wá rí i pé o fẹ́ràn, èyí tó jó díẹ̀. Mo ń fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò, màá ní mò ń bọ̀ wá fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bá fi dé, ìkòkò ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìwọ fúnra rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi di ṣúgà, láìjẹ́ pé mo pè ẹ́. Orúkọ tí o fún mi, Àǹtí náà ni, mo sì ti wọ̀ ọ́ bí aṣọ tó bá mi mu. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o máa wo ọmọbìnrin yẹn. Mọ ìdí ìkòkò tirẹ̀, kí o fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kẹta jẹ́ ti dádì rẹ, torí kò lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìfi ìwàásù sí i. Láti ìgbà tí o ti sọ fún un pé àwọn fáírọ́ọ̀sì kan máa ń gbé irú ṣúgà ara wa wọ̀, kí àwọn ọmọ ogun ara lè rò pé ará ilé ni wọ́n, a ò gbádùn mọ́. O mọ̀ pé ẹnu géètì wáfù, ní èbúté, ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó sọ́dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà níwájú ilé lánàá, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé.

“Ó wọ aṣọ òṣìṣẹ́ wáfù, ó dé àkẹtẹ̀ iṣẹ́, ó ń súfèé wọlé bí ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ látọdún mọ́dún. Olè ni! Irú wọn ni ọmọ mi ń mú ní Jámánì.”

Fọganáísà ní, “Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mú wọn?”

“Mi ò kì í wo aṣọ. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá yín.”

Ìyá Ẹ̀bùn gbọ́, ó yọjú lójú fèrèsé. “So after all dis book, na sugar she still dey carry?”

Mo dá a lóhùn pé, “Na sugar. But this one no dey enter nylon.”

Ó ṣì ń béèrè pé irú dókítà wo ni kì í gún abẹ́rẹ́. Mo ní kó ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé dádì rẹ ń fi ẹ́ yangàn, kò sì lóye ìdajì rẹ̀. Máa pè é. Fi òtútù náà hàn án lójú fèrèsé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kẹrin, jẹun kí o tó wọ láàbù. Bọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ọkọ, mi ò sọ nǹkan kan, dádì rẹ ló ní kí n fi sí i, mo ti fi sí i.

Mo dúró níbí kí n lọ gbé omi ilá kaná. Fóònù dún nígbà tí mo wà nídìí rẹ̀. Màá kọ ohun tí o kọ síbí, kó lè wà nínú ìwé, torí fóònù máa ń bàjẹ́:

“Àǹtí, mo kà á nínú tíréènì, mo sọ̀kalẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe tèmi. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gá. Ó ti fèsì. Ó ní kí n má fọwọ́ kan fírísà, pé a jọ máa yọ ọ́ ní Monday, òun, èmi àti ọmọbìnrin tó jókòó tì mí. Ó ní òun ò ní sọ ọ́ níta títí a ó fi rí ìdí rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́. Ó béèrè pé ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, pé ṣúgà ló ń tà.”

Ojú ewé tí mo kọ ọ̀rọ̀ Màámi sí wà lórí àga, mi ò tíì fi í ránṣẹ́. O kò tíì kà á nígbà tí o kọ “ìyá mi” yẹn. Mo wò ó dáadáa kí n lè dá ara mi lójú. Ilá hó dànù. Dádì rẹ pariwo láti pálọ̀ pé nǹkan ń jó, ó ní ta ló wà nídìí iná. Mo ní èmi ni.

A jẹ ilá tó kù. Mo fi ohun tí o kọ hàn án, ó kà á, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà, ó wá ní òun máa gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Mo ní kó jẹun, kó kàn gbàdúrà. Èmi náà ò mọ ohun tí ẹ máa bá nínú ìgò yẹn. Ó lè jẹ́ pé o ṣì í ṣe lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ló wà níbẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ènìyàn mẹ́ta ló máa rí i. Ojú kan ni ibi tí o so ní.

Mo ti tú àpò tí mo rà láàárọ̀. Mo ti di àkọ́kọ́, mo ti fi kọ́ ìṣó. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́ ni mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ni mo sì ti ń kọ ìlà yìí.

Ìyá rẹ.